Ọkọ̀ Ogun Tí Ará Ìlú Dáwó Rà, Tó Wá Yìnbọn Sí Ààfin Ọba

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn Potogí ti dé etí òkun wa kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Àwọn ló sọ Èkó di Lagos. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe gba adé lórí ọba tiwọn, ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ọ rí.

Ní 1886, ìjọba Potogí gbé àwòrán ilẹ̀ kan jáde. Wọ́n ní Angola lápá kan, wọ́n ní Mozambique lápá kejì. Ni wọ́n bá fi àwọ̀ píǹkì kun gbogbo àárín méjèèjì, ibi tó di Zambia, Zimbabwe àti Malawi lónìí, wọ́n ní tàwọn ni. Ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí gan-an nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ta ló bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì yarí. Ọ̀rẹ́ Potogí sì ni o, àdéhùn wọn ti wà láti 1386! Ní 1889, ọ̀gágun Serpa Pinto kó ọmọ ogun lọ sí ìhà odò Shire, ó sì bá àwọn Makololo jà. Àwọn Makololo yìí gan-an, àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Livingstone ló mú wọn wá bí aláàárù, wọn ò padà sílé, wọ́n di olóyè. (Ẹ̀yin ará Sabon Gari, ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Nígbà tó di 11 oṣù kìíní, 1890, Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé sí Lisbon: kí wọ́n pàṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an pé kí ọmọ ogun wọn kúrò níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì á kẹ́rù rẹ̀ kúrò nílùú, ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè é. Ọba Carlos ò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí oyè, ọmọ ọdún 26 ni. Wọ́n gbà. Kí ni wọn ì bá ṣe?

Ìtìjú yẹn ò tán lára ará ìlú. Wọ́n ta aṣọ dúdú bo ère akéwì wọn, Camões. Alfredo Keil kọ orin kan, A Portuguesa, òun ló wá di orin orílẹ̀-èdè wọn lẹ́yìn tí wọ́n lé ọba. Àwọn ará ìlú tún dáwó jọ, tolówó ti tálákà, láti fi ra ọkọ̀ ogun, kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Adamastor ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, 1896 ló bọ́ sómi.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn tí ò fẹ́ ọba mọ́ ń pọ̀ sí i. Wọ́n dìde ní Porto ní 1891, ìjọba borí wọn. Ní 1908, wọ́n yìnbọn pa Carlos àti àrẹ̀mọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin láàárín Lisbon. Manuel, ọmọ ọdún 18, ló gorí oyè.

Ní oṣù kẹwàá 1910, àwọn ọmọ ogun ojú omi dìtẹ̀. Adamastor, ọkọ̀ tí wọ́n torí Gẹ̀ẹ́sì dáwó rà, wà lára àwọn tó yìnbọn sí ààfin ọba. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, ìjọba ọba parí ní Pọ́túgà.

Manuel bá ojú omi sá lọ. Ẹ wá mọ ibi tó forí lé? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1932.