Ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ tàbí èyí tó ṣú: Èwo ló yẹ kí onílé yàn?

Nígbà tí wọ́n bá kan páànù tán lórí ilé, tí wọ́n sì ti rẹ́ ògiri, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin tọkọtaya, tàbí láàrin onílé àti kunlékunlé, ni ti àwọ̀ ọ̀dà. Ẹnìkan á ní funfun ni òun fẹ́. Ẹlòmíràn á ní funfun kì í pẹ́ dọ̀tí.

Ọ̀pọ̀ ló ka ọ̀rọ̀ náà sí ti ẹwà nìkan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí wọ́n bá kùn sára ilé lọ́wọ́ nínú bí ooru ṣe máa mú nínú yàrá lóru, iye gílóòbù tí wọ́n máa tàn, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kí wọ́n tó tún ra ọ̀dà mìíràn.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílé kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ògiri kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kó tó yan àwọ̀ fún un.

Kí ni àwọ̀ ń ṣe sí oòrùn?

Ohunkóhun tí oòrùn bá tàn sí máa ń gba díẹ̀ mọ́ra nínú ìtànṣán rẹ̀, á sì dá ìyókù padà. Ọ̀dà funfun tuntun lè dá nǹkan bí ìdá 80 nínú ìdá 100 ìtànṣán náà padà. Ọ̀dà dúdú kì í sábà dá ju ìdá 10 lọ padà.

Ohun tí kò bá padà ló ń di ooru nínú ògiri. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì sì máa ń tọ́jú ooru: èyí tó gbà lọ́sàn-án ló ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó ń sùn nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí kò sí iná tí fáànù máa fi ṣiṣẹ́, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ìta á ti tutù, inú yàrá á ṣì máa gbóná.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ló máa ń gba oòrùn jù. Àwọn ni àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ wúlò fún jù lọ.

Òrùlé ṣáájú ògiri

Lọ́sàn-án gangan, orí ilé ni oòrùn máa ń wà ní agbègbè yìí. Nítorí náà, àwọ̀ òrùlé lè ṣe pàtàkì ju ti ògiri lọ. Páànù tó ti dípẹtà, tó sì ti pọ́n, ń gba ooru mọ́ra ju páànù tuntun tó ń dán lọ.

Ìlú Ahmedabad ní orílẹ̀-èdè Íńdíà jẹ́ àpẹẹrẹ. Lẹ́yìn tí ooru líle pa èèyàn tó lé ní 1,000 níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ìjọba ìlú náà gbé ètò ìdáàbòbò kalẹ̀ ní ọdún 2013. Nígbà tó yá, kíkun òrùlé àwọn tálákà ní funfun di ara ètò náà.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Fásitì Purdue ní Amẹ́ríkà kéde ọ̀dà funfun kan tó lè dá ìdá 98.1 nínú ìdá 100 ìtànṣán oòrùn padà.

Níbo ni àwọ̀ tó ṣú ti wúlò?

Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ní àléébù tirẹ̀. Ní àsìkò òjò, omi máa ń ta ẹrẹ̀ pupa sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku á bò ó. Ọwọ́ àwọn ọmọdé kì í sì í jìnnà sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ẹ̀kọ́ fi ń kun ìsàlẹ̀ ògiri, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè, ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ eérú, tí wọ́n á sì fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sí òkè. Funfun báláú nínú oòrùn ọ̀sán tún máa ń ta ojú. Àwọ̀ kírímù lè dín èyí kù láì jẹ́ kí ooru pọ̀ púpọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwọ̀ tó ṣú ló ń pẹ́ bákan náà. Oòrùn máa ń tètè ṣá àwọn pupa àti búlúù kan, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìpẹtà irin ṣe kì í tètè ṣá.

Ẹ̀kọ́ láti Tiébélé

Ní Tiébélé, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn obìnrin Kassena ló máa ń fi dúdú, funfun àti pupa ya iṣẹ́ ọnà sára ògiri ilé. Wọ́n á se èèpo èso igi irú, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ pa ògiri náà kí òjò má baà tètè fọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dànù. Àjọ UNESCO fi ààfin ìlú náà kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2024.

Dúdú pọ̀ lára àwọn ilé wọ̀nyí, síbẹ̀ ooru kì í tètè wọ inú wọn. Amọ̀ tó nípọn ni ògiri wọn, ẹnu ọ̀nà wọn sì kéré. Èyí fi hàn pé àwọ̀ nìkan kọ́ ló ń mú ilé tutù: ògiri tó nípọn, igi tó ṣíji bo ilé àti fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá náà ní ipa tiwọn.

Inú yàrá ńkọ́?

Nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo máa ń ṣókùnkùn sí i bí wọ́n bá fi àwọ̀ tó ṣú kun gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì ní láti tan iná lọ́sàn-án. Àjà funfun máa ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ká yàrá. Ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ tó ṣú lè fi kun ògiri kan ṣoṣo nínú pálọ̀ tó gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa.

Ewu tí àwọ̀ lè bò mọ́lẹ̀

Ohun kan wà tó ju ọ̀rọ̀ funfun àti dúdú lọ: òjé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń lo èròjà tó ní òjé nínú ọ̀dà elépo, pàápàá èyí tó pupa, tó pọ́n bí ọsàn tàbí tó jọ àwọ̀ ìyeyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Òfin àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà kò gbà kí òjé inú ọ̀dà ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ó yẹ kí onílé wo ara agolo, kó sì béèrè ọ̀dà tí kò ní òjé, pàápàá fún yàrá ọmọ, ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé. Bí wọ́n bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ín kí eruku rẹ̀ má baà fò, kí àwọn ọmọdé àti aboyún sì kúrò nítòsí.

Kí onílé tó sanwó ọ̀dà

• Kó ra agolo kékeré, kó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sára pákó tàbí igun ògiri kan.
• Kó wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lábẹ́ iná lálẹ́, nítorí àwọ̀ máa ń yí padà lójú.
• Bí ògiri bá ń rin omi, kó tún un ṣe ná. Funfun tàbí dúdú, ọ̀dà kì í dúró lára ògiri tó tutù.
• Bí owó kò bá tó kun gbogbo ilé, kó bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé àti ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá jù. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sùn nínú ilé á ti kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀.