Ìgbéyàwó Àìná ní Ọdún 1862

Irú ìwé ìtàn àròsọ kan wà tí ọwọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè gbé sílẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan kórìíra ara wọn bí ológbò àti eku. Àwọn àgbà fi ipá so wọ́n pọ̀ ní tọkọtaya. Wọ́n ń jà, wọ́n ń bínú, ṣùgbọ́n kí ìwé tó parí, ọ̀tá ti di olólùfẹ́. Èmi náà ti ka irú rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ nípa ìtàn gbọ́dọ̀ béèrè pé: bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ta ni ó sọ fún wa pé ìfẹ́ dé? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Àìná.

Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Ẹ̀gbádò ni Àìná. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ní ọdún 1848, ogun Dàhòmì kó ìlú wọn, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní ọdún 1850, ọba Ghezo fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ nípasẹ̀ Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bonetta. Láti ara orúkọ ọ̀gákọ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Freetown ní ọdún 1851. Nígbà tí ó padà sí England ní ọdún 1855, ọ̀dọ̀ ẹbí Schön ní Gillingham ni ó ń gbé. Schön yìí náà ni ó bá Samuel Crowther rin ìrìn-àjò odò Ọya ní ọdún 1841.

Ẹni tí ó wá fẹ́ ẹ ni James Pinson Labulo Davies. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1828, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlu Èkó ní ọdún 1851. Lẹ́yìn náà ó di oníṣòwò ńlá. Ó fi £50 ṣe ìrànwọ́ nígbà tí wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Aya rẹ̀ àkọ́fẹ́ ti kú.

Àìná kọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Kò kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Wọ́n mú un kúrò ní Gillingham, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà méjì kan ní Brighton, ilé náà kò sì tù ú lára rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 1861, ó kọ lẹ́tà sí Ìyáàfin Schön. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò sọ pé ènìyàn rere ni Davies, àti pé bí òun kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nísinsìnyí, ìfẹ́ yóò dé bó bá yá. Ó ní òun kò gbà pé yóò dé láéláé. Ó ní wọn yóò tún sọ pé olówó ni. Ṣé kí òun wá fi ìbàlẹ̀ ọkàn ṣe pàṣípààrọ̀ owó ni? Ó ní ó tì o.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ ná. “Ìfẹ́ yóò dé bó bá yá”: ṣé kì í ṣe orí gbólóhùn yìí gan-an ni ìwé ìtàn àròsọ wa dúró lé? Àìná fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì ti fèsì.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, pẹ̀lú ọmọge mẹ́rìndínlógún tí ó tẹ̀lé ìyàwó. Àwọn méjèèjì wá sí Èkó. Wọ́n bí Victoria, Arthur àti Stella. Ikọ́ ife pa Àìná ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880. Davies, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa, gbé ọ̀wọ̀n òkúta ìrántí kan ró fún un ní oko rẹ̀ ní Ìjàn, lẹ́bàá Agége.

Ibí ni aláròsọ yóò ti sọ pé ìfẹ́ dé. Bóyá ó dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ ni ọ̀wọ̀n náà fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ bíbí náà kì í ṣe ẹ̀rí tó. Ìyá púpọ̀ ti bímọ sí ilé tí kò bá inú wọn mu.

Kí a má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, wọ́n a máa fi ọmọdébìnrin fọ́kọ nígbà tí kò tí ì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Àìná tilẹ̀ yàtọ̀: Ghezo fi í tọrẹ, Forbes gbé e lọ, àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ fà á fún ọkọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gbọ́ ohùn òun tìkára rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ yìí, “rárá” ni ó sì wí.

Kí aláròsọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. A ó máa kà á, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa bá ń kọ ìtàn Àìná, kí a má ṣe bá a dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́yìn tí ó ti kú tán.