Ta Ló Sọ Àárò Ilé Lórúkọ Gíríìkì?

Níbi àpèjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ní Titirou, ní Párákù, mo tún gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni tó di gbohùngbohùn mú ní láti ayé Homer ni àwọn Gíríìkì ti ń pe "nostalgie", pé ohun tó ń ṣe Odysseus lójú òkun nìyẹn: ó fẹ́ tún ayé àná jẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ò bá wọn pa á.

Kò sí Gíríìkì àtijọ́ kankan tó pe ọ̀rọ̀ yẹn rí. Lóòótọ́, wọ́n ní "nostos", ìpadàbọ̀ sílé, wọ́n sì ní "algos", ìrora. Ẹni tó so méjèèjì pọ̀ ni Johannes Hofer, ọmọ Mulhouse tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Basel, lọ́dún 1688. Ọmọ ọdún 19 ni. Àìsàn ló ń wá orúkọ fún. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é ní "Heimweh", àwọn Faransé ń pè é ní "maladie du pays", ṣùgbọ́n ìwé àwọn oníṣègùn kò ní orúkọ fún un, ni Hofer bá lọ yá ti Gíríìkì. Kò tilẹ̀ dúró lórí ọ̀kan: ó ní ẹni tó bá wù lè pè é ní "nosomania" tàbí "philopatridomania". Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní ó jogún ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Homer!

Àwọn tó mọ ìyẹn náà á tún máa sọ pé àwọn ọmọ ogun Switzerland tí orin darandaran ń pa ni Hofer kọ nípa wọn. Orin yẹn kò sí nínú ìwé 1688. Theodor Zwinger ló fi í kún un nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1710, Rousseau sì gbé e ká ayé ní 1768. Láti ìgbà náà, ẹnìkan ń dà á kọ lára ẹnìkejì ni.

Bí wọ́n bá ṣí ìwé Hofer gan-an, wọn ì bá pàdé ọmọbìnrin ará oko kan. Ó já bọ́ láti òkè, ó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìmọra, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbà tó lajú, tó rí i pé àárín àwọn arúgbó obìnrin oníjà, aláròyé lòun wà, ni àárò ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ń tu oúnjẹ, ó ń tu oògùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń kùn: "Ich will heim", mo fẹ́ lọ sílé. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ tòun ti àìlera. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi yá láìlo oògùn.

Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Hofer fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀ ní Jámánì, bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ibẹ̀ ni mi ò lè kúrò. Níbo ni ayé àná wà nínú ohun tó sọ? Ilé ló bèèrè, ilé sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè gbé e débẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ará Bern tó wà nínú ìwé kan náà, wọ́n ti ń gbàdúrà fún un bí ẹni tó ń kú lọ. Bí wọ́n ṣe gbé e sọ́nà, ara rẹ̀ ń mókun, kó tó délé ó ti yá. Lẹ́yìn 110 ọdún ni Kant kọ ọ́ pé irú wọn máa ń délé tán kí ilé má dùn mọ́ wọn, torí pé ìgbà èwe ni wọ́n ń wá.

Kí la wá fẹ́ sọ nípa àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti oko ẹrú ní Brazil? Ní 1793, Oliveira Mendes sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Lisbon nípa ìbànújẹ́ tó ń pa ẹrú, ó sì pè é ní "banzo", kò yá Gíríìkì kankan. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ Àgùdà padà sí Èkó, Àgọ́ué, Ouidah àti Àjàṣẹ́. Wọ́n délé, wọ́n kọ́ ilé bíi ti Bahia, wọ́n sì ń ṣọdún Bonfim ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ilé wo ni àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n nígbà náà? Pierre Verger tẹ àwọn lẹ́tà José Francisco dos Santos jáde, oníṣòwò Ouidah tó wá láti Bahia. Ọ̀rọ̀ ẹrú àti epo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Potogí dáadáa ni kó tún un kà, kó fi owó sílẹ̀, kó máa wá gbólóhùn tí kì í ṣe ti ọjà.