Menno Simons Kọ́ Ló Dá Ìjọ Mennonite Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé Menno Simons, àlùfáà Kátólíìkì láti Friesland ní ilẹ̀ Netherlands, ló dá ìjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ náà ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Zurich, ní ilẹ̀ Switzerland, ni ọ̀rọ̀ ìrìbọmi àgbàlagbà tí ìjọ náà dúró lé ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 1525, Conrad Grebel ṣe ìrìbọmi fún George Blaurock, àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe é fún rí ní ọmọ ọwọ́. Nígbà yẹn, Menno kò tíì pẹ́ nídìí pẹpẹ, nítorí ọdún 1524 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé káàdì àti ọtí lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fi ń pa àkókò. Oníwàásù Melchior Hoffman ló gbé ẹ̀kọ́ ìrìbọmi àgbàlagbà dé Emden ní Ìlà-Oòrùn Friesland ní ọdún 1530. Ọdún 1536 ni Menno tó fi Kátólíìkì sílẹ̀, Obbe Philips, aṣáájú tó ti wà nínú ìjọ náà ṣáájú rẹ̀, ló sì gbọ́wọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí alàgbà. Ẹni tó bá ìjọ nílẹ̀, tí ẹlòmíràn fi joyè, ṣé òun náà la ó pè ní olùdásílẹ̀?

Iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré ṣá o. Àwọn onírìbọmi àgbàlagbà tó fi idà gba ìlú Münster ti ba orúkọ gbogbo ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìrìbọmi àgbàlagbà jẹ́, Menno ló sì ń rìn káàkiri láti kó àwọn tó kórìíra ogun jọ. Ní ọdún 1539, wọ́n pa Tjard Reynders nítorí pé ó gbà á sílé. Ní ọdún 1542, Ọba Charles Karùn-ún fi 100 guilder lé orí Menno fún ẹni tó bá mú un.

Ìjọba Anna, obìnrin tó ń ṣàkóso Ìlà-Oòrùn Friesland, ló fi orúkọ Menno pe àwọn ọmọ ìjọ náà nínú òfin ọdún 1545, kí wọ́n lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn oníjàgídíjàgan.

Tó bá ṣe pé iye ènìyàn tí oníwàásù rì bọmi ni a fi ń sọ ìjọ lórúkọ, orúkọ Leenaert Bouwens ni ìjọ náà ì bá máa jẹ́. Menno ló fi í jẹ alàgbà ní ọdún 1551, àwọn tí Bouwens rì bọmi nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 10,000 ènìyàn.

Olùtọ́jú ìjọ ni Menno títí ó fi kú ní Wüstenfelde ní ọdún 1561. Kí àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ yọ “olùdásílẹ̀” kúrò lára orúkọ rẹ̀.