Ẹjọ́ Ẹṣin Ìlú Berlin

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí ìjà tọkọtaya tàbí aáwọ̀ ilẹ̀ la ti sábà máa ń pa òwe yìí, nígbà tí ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé iwájú àgbà bá ti rojọ́ tirẹ̀ tán, tí omijé sì ti ń dà lójú rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé onítọ̀hún ń parọ́ o. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé ló ń sọ. Àgbà tó gbọ́ tẹnu ẹnìkan ṣoṣo tó sì dájọ́ ni wọ́n ń bá wí. Akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tó bá fẹ́ mọ bí àwọn onísaikọ́lọ́jì ṣe ń wádìí ìwà àti ìrònú, kó di òwe yìí mú. Ó máa wúlò fún un ju ọ̀pọ̀ oríkì ọ̀rọ̀ tí wọ́n á ní kó há sórí lọ.

Lọ́dún 1904, bàbá kan wà ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tó ń jẹ́ Wilhelm von Osten. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìṣirò ló sì fi ń kọ́ni. Ó ní ẹṣin kan, Hans, tó jókòó tì, tó ń kọ́ níwèé bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá bi Hans pé ẹ̀ta àti ẹ̀rin jẹ́ mélòó, á fi pátákò kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á sì dúró. Bàbá kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wòran. Hans nìkan ló ń gba owó ọ̀yà: búrẹ́dì àti kárọ́ọ̀tì.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Carl Stumpf, onísaikọ́lọ́jì pàtàkì ní Yunifásítì Berlin, wà nínú wọn. Ẹni tó ń fi ẹranko dárà fún òǹwòran jẹun náà wà níbẹ̀, ẹni tí kò sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí wọ́n lè fi tàn án jẹ. Wọn ò rí màgòmágó kankan. Kódà bí àjèjì bá bi Hans ní ìbéèrè, ó ń dáhùn. Ohun tí wọ́n ṣe yìí ni àkíyèsí, ọ̀nà ìwádìí tó ní iyì tirẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n gbọ́: ẹni tó ń bi Hans ní ìbéèrè ti máa ń mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀.

Oskar Pfungst, tó ń bá Stumpf ṣiṣẹ́, ló pe ẹnìkejì wá rojọ́. Ó ní kí wọ́n gbé nọ́ńbà tó wà lára páálí han ẹṣin, ṣùgbọ́n kí ẹni tó gbé e má ṣe wò ó. Nígbà tí olùbéèrè mọ nọ́ńbà, Hans gba ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí kò mọ̀ ọ́n, ìdá 8. Pfungst tún sọ nọ́ńbà kan sí Hans ní etí kan, von Osten sọ òmíràn sí etí kejì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Nínú ìgbà 31 tí Hans ro ó pọ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbà á.

Ohun kan péré ni Pfungst yí padà: bóyá olùbéèrè mọ ìdáhùn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ẹṣin kan náà ni, àgbàlá kan náà, irú ìbéèrè kan náà. Ibẹ̀ lagbára àyẹ̀wò wà, lójú tèmi, kì í ṣe inú ẹ̀rọ olówó ńlá. Bó ṣe di ojú Hans lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò rí olùbéèrè, ìṣirò dàrú. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú. Bí ènìyàn bá ti béèrè tán, á rọra tẹ orí síwájú, á máa wo pátákò. Bí iye bá ti pé, orí á gbé sókè díẹ̀ láìmọ̀. Hans ti mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Pfungst wá gba iṣẹ́ ẹṣin ṣe: ó ní kí ènìyàn 25 máa ro nọ́ńbà lọ́kàn, òun ń fọwọ́ kan tábìlì. Nínú wọn, 23 ló mi orí bẹ́ẹ̀. Von Osten kò gbà títí ó fi kú lọ́dún 1909.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà kan náà wo ìbéèrè táwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn: ṣé orin ń mú kí ìwé wọlé? Bí o bá pín ìwé ìbéèrè kiri, ohun tí àwọn èèyàn rò nípa ara wọn lo máa rí gbà. Bí o bá ní kí kálukú yan ohun tó wù ú, ó lè jẹ́ àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ló máa yan orin. Kèké ni kí o ṣẹ́. Kí apá kan kàwé pẹ̀lú orin, kí apá kejì kà á láìsí orin, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò kan náà.

Ó ku ìwọ tó ń wọn nǹkan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1963, ní Amẹ́ríkà, Robert Rosenthal àti Kermit Fode kó eku fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti dán wò. Wọ́n sọ fún apá kan pé ìran ọlọgbọ́n eku ni tiwọn, fún apá kejì pé ìran òpè ni. Irú eku kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, èsì “ọlọgbọ́n” dára ju ti “òpè” lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó máa máàkì ìdánwò orin yẹn má mọ ẹni tó gbọ́ orin. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé, kí ẹlòmíràn sì tọ́jú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà náà títí wọ́n á fi ro máàkì pọ̀ tán.