Hóró Bakuchi àti Ìtọ́jú Awọ Ara

Ní òde òní, bí ènìyàn bá bi àwọn tí ń ta ìpara ojú léèrè ohun tí í mú kí awọ tí ó ti hun jọ tún jọ̀lọ̀, orúkọ méjì ni yóò sábà gbọ́ lẹ́nu wọn: retinol àti bakuchiol. Wọn a ní retinol lágbára, ṣùgbọ́n a máa ta ènìyàn lára; wọn a ní inú ewéko ni bakuchiol ti wá, nítorí náà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àwa kò bá wọn jà lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. "Nítorí náà" yẹn nìkan ni a fẹ́ mú wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí a sì wo ohun tí ìtàn sọ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ retinol bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì. Òun gan-an ni fítámìn A. Ní ọdún 1913, ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, E. V. McCollum àti Marguerite Davis ń bọ́ àwọn eku ní oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí ó ń jẹ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òróró ólífì dàgbà fún ìgbà díẹ̀, wọn kò sì dàgbà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ọ̀rá bọ́tà tàbí ti pupa ẹyin kún oúnjẹ wọn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ohun tí ó wà nínú èyí, tí kò sí nínú ìyẹn, ni a wá pè ní fítámìn A. Ní 1930, Thomas Moore ní Cambridge fi hàn pé ara eku a máa sọ carotene, èyí tí í mú kí kárọ́ọ̀tì pọ́n, di fítámìn A nínú ẹ̀dọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Paul Karrer ní Zurich mọ bí ẹ̀dá fítámìn náà ti rí gan-an. Carotene kan náà ni ó sì mú kí epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ pupa. A rí i, nígbà náà, pé retinol tí wọ́n ní ó ń ta ènìyàn lára yìí, ewéko ni orísun tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ojú ènìyàn kò mọ́ tó bí a ti lè fẹ́. Albert Kligman, dókítà awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia, ni ó sọ ìbátan retinol kan tí à ń pè ní tretinoin di òògùn irorẹ́. Ní 1969 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣàkíyèsí pé ojú àwọn àgbà tí ń lò ó ń jọ̀lọ̀ sí i, wọ́n sì kọ ìyẹn náà jáde ní 1986. Ṣùgbọ́n láti 1951 títí di 1974 ni Kligman fi ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ilé túbú Holmesburg, tretinoin sì wà lára wọn. Aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ohun tí a ń fi sí wọn lára. Ní 2021 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì náà tọrọ àforíjì. Ìlú Philadelphia tọrọ tirẹ̀ ní 2022. Àwọn tí ń ra ìpara yìí kì í sábà gbọ́ apá ìtàn yìí, lójú tiwa kò sì dára bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ dájú. A máa mú kí awọ òkè tètè bó kí titun sì rọ́pò rẹ̀, a sì máa mú kí awọ ìsàlẹ̀ lágbára. Ṣùgbọ́n ojú a máa pọ́n, a máa yún, a sì máa bó, pàápàá ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn dókítà a máa kìlọ̀ fún aboyún kí ó má ṣe lò ó rárá. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá ohun tí ó tutù jù ú lọ, tí wọ́n sì fi dé Íńdíà.

Ewéko kan wà ní ilẹ̀ náà tí í ṣe ìbátan ẹ̀wà. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Hóró rẹ̀ dúdú. Bakuchi ni wọ́n ń pè é ní èdè Sanskrit, babchi sì ni ní ọjà. Láti ìgbà láéláé ni àwọn oníṣègùn Ayurveda ti ń fi hóró yìí wo awọ tí ó di funfun níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú mọ̀ ọ́n. Wọn a fi òróró hóró náà pa ojú ibi tí ó funfun, aláìsàn a sì jókòó sínú oòrùn. Bí ó bá mọ níwọ̀n, dúdú a bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí awọ náà. Bí ó bá pọ̀ jù, awọ a jó, a wú, a sì kún fún omi. Psoralen ni ohun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Láti ara Psoralea, orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ewéko náà, ni a ti mú orúkọ rẹ̀. Ewéko ni èyí pẹ̀lú o, kò sì tutù rárá!

Láti inú hóró yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Mehta, Nayak àti Sukh Dev, ti rí ohun mìíràn, tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1966. Wọ́n sọ ọ́ ní bakuchiol. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti fi í wé retinol, nítorí ẹ̀dá wọn kò jọra. Ní 2014 ni Chaudhuri àti Bojanowski fi hàn pé, bí ẹ̀dá wọn kò tilẹ̀ jọra, iṣẹ́ tí wọ́n ń jí nínú awọ jọra púpọ̀. Ní 2018 ni ìròyìn ìdánwò kan jáde ní ìwé àwọn dókítà awọ ara ní Bírítéènì. Ènìyàn 44 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 12: àwọn kan ń fi bakuchiol para lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn yòókù ń fi retinol para lẹ́ẹ̀kan. Ojú híhunjọ àti àmì dúdú dínkù lára ìhà méjèèjì, a kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n awọ àwọn tí ń lo retinol ni ó bó jù, tí ó sì ń ta wọ́n jù. Inú wa dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ènìyàn 44 kò pọ̀, oṣù mẹ́ta kò sì pẹ́.

Ẹnì kan lè bi wá pé, òrí tiwa ńkọ́? Òrí dára. A máa di omi mú nínú awọ, kí ọyẹ́ má baà mú un gbẹ, a sì yìn ín fún èyí. Kì í ṣe iṣẹ́ retinol ni ó ń ṣe.

Ó ku ọ̀ràn ìgò. Àwọn tí ń ṣe bakuchiol dáradára a máa yọ psoralen kúrò kí ó tó dé inú ìpara. Òróró babchi lásán, tí a kàn fún láti inú hóró, kò gba irú ìfọ̀mọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tà á pẹ̀lú orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí ó fi í pa ojú, tí ó sì jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ohun tí àwọn oníṣègùn Íńdíà ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún aláìsàn wọn ni ó ń ṣe fún ara rẹ̀ láìmọ̀.