Pípín Ìmọ̀ Fásitì Nípa Ọmọ Kékeré Tó Jẹ́ Akàndá

Iṣẹ́ olùkọ́ fásitì kò parí sí kíláàsì. Nínú ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré àti ẹ̀kọ́ akàndá, apá tó kù ni kí ó kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́, ìyẹn òbí, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, bí a ṣe ń tètè mọ ọmọ tí etí, ojú, ẹsẹ̀ tàbí òye rẹ̀ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, àti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe lè kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Jos dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ akànṣe sílẹ̀, ọdún 1977 sì ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ akànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ tí kò bá ọmọ kí ó tó pé ọdún mẹ́ta ti pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó sì ti lè bá a lọ́jọ́ orí yẹn ni ilé abẹ́rẹ́ àjẹsára, jẹ́lé-ó-sinmi àti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé pípín ìmọ̀ yìí kì í ṣe oore tí olùkọ́ ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ojúlówó iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ etí ló fi èyí hàn jù. Ní ọdún 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Colorado ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 150 tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa. Àwọn tí a ti mọ ìṣòro etí wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà gbọ́ èdè, wọ́n sì lò ó, ju àwọn tí a pẹ́ kí a tó mọ tiwọn lọ, ìbáà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ tàbí ọwọ́. Ní Èkó, Bọ́lájókò Olúsànyà, dókítà àwọn ọmọdé, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ọsibítù, nítorí náà àyẹ̀wò tó bá dúró sí ọsibítù kò ní rí ọmọ wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò etí lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sì kọ́ àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ etí láti máa ṣe é. Ọdún 2008 ni àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àjọ ìlera àgbáyé. Ohun mìíràn tún wà tí ìyá ọlọ́mọ yẹ kí ó gbọ́: ibà pọ́njú tó bá le lára ọmọ tuntun lè ba etí àti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, oorùn àárọ̀ nìkan kò sì tó láti wò ó. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè fara da kánfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ, tí ibà náà á sì le sí i lára wọn. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ kánfọ̀ yìí, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ àbùkù tí ilé ẹ̀kọ́ akànṣe kankan kò lè tún ṣe mọ́.

Ní ti ọ̀nà tí a lè gbà pín in, Ifẹ̀ ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ọdún 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ wọn, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà kì í ṣe ti akàndá, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: àwọn ará fásitì ló jókòó kọ ìwé tuntun fún àwọn ọmọ, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn láti kíláàsì dé kíláàsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ká ní ìwé àlàyé lásán ni fásitì fi ránṣẹ́, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ náà ì bá rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ tí kò dénú léwu, pé olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta lè pe ọmọ tí kò ní nǹkan kan ní akàndá. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdájọ́: ní Èkó, ọmọ tí kò bá yege ni wọ́n ń tún yẹ̀ wò kí àwọn onímọ̀ tó sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó ní kí a gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò.

Àríwísí àwọn adití sí kíkọ́ ọmọ akàndá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lágbára jù, mo sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ adití ti rí èdè àti ẹgbẹ́. Bí a bá ju ọmọ adití kan ṣoṣo sáàárín ogójì ọmọ tó ń gbọ́ràn, a kò mú un mọ́ra, a dá a wà ni. Nítorí náà, àwọn ọmọ adití gbọ́dọ̀ pọ̀ níbi kan, kí olùkọ́ wọn gbọ́ èdè àfọwọ́sọ, kí àgbà adití sì wà lára àwọn tó ń kọ́ni. Fásitì tó bá fẹ́ pín ìmọ̀ láìjẹ́ pé akàndá fúnra rẹ̀ wà níwájú, ààbọ̀ ìmọ̀ ló gbé dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó àti àkókò. Òfin orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ akàndá, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó gba ẹ̀kọ́ lórí títọ́jú akàndá. Àwọn tó ń jáde lọ́dọọdún láti Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Jos kò lè kárí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn láéláé. Olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ ni a lè kọ́: kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, kí ó wá gba ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi gígùn, kí olùkọ́ fásitì sì máa bẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàsì ní sáà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àwọn fásitì kò tíì ka irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ nígbà ìgbéga. Ìwé tí a tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà. Ìgbìmọ̀ fásitì fúnra wọn ló lágbára láti yí èyí padà, kò gba owó ìjọba.